Ìṣọ́ Ọjọ́ Mẹ́wàá Lórí Ológbò Dúdú

Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹfà

Ológbò mi gé ìyá jórinjórin jẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, ní aago méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn táǹkì omi. Ihò méjì ni, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, ọ̀kan jìn ju èkejì lọ. Òjò ń ṣú. Màmá lọ ká ìborùn rẹ̀ lórí okùn, ológbò dúdú fò jáde lábẹ́ táǹkì, ó bù ú jẹ, ó sì sá lọ. Nígbà tí jórinjórin, tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé ìsàlẹ̀ wa, fi máa dé òkè, ológbò ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná wa, ó ká jọ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Ọ̀pá irin ló gbé dání.

"Bàbá Olójò, ẹ gbé e jáde fún mi."

Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ́jú ìyá rẹ̀.

"Ìtọ́jú ìyá mi ni mo wá ṣe yìí. Ẹ gbé e jáde kí n fọ́ ọ lórí."

Ìyàwó mi ti fa Màmá lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, ó ń wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Èmi ni mo mú Màmá lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ti tán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn kò sì mọ ọjọ́ tí òmíràn máa dé. Ó bi mí bóyá ológbò náà ṣì wà láàyè. Mo ní ó wà.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á o. Ẹ tì í mọ́lé, kí ẹ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Tí ara rẹ̀ bá ṣì le ní ọjọ́ kẹwàá, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé wọn jẹ. Ṣùgbọ́n tó bá ṣàìsàn, tó bá kú, tàbí tó bá sọnù, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Ẹ máa bọ̀ kíákíá."

Jórinjórin gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kò sì gbà. "Ológbò yín, ẹ̀rí yín, ẹ̀yin náà tún ni adájọ́. Ẹjọ́ ọ̀hún dùn."

Ká ní èmi ni, èmi náà ì bá má gbà. Ìwé àjẹsára ológbò yìí ti kọjá ọjọ́ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Mo mọ̀, mo kàn ń sún un síwájú ni.

Òjò: mílímítà mọ́kàndínlógún.

Ọjọ́rú, 5

Ọjọ́ kìn-ín-ní ìṣọ́. Mo gbé àgò sí ilé ìdáná, mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Mo fa ìlà sí ìwé: aago, omi, oúnjẹ, ìrìn, ohùn.

Màmá ló bá wa dá sí i. Ó ní kí ọmọ òun gbé irin sílẹ̀, kó máa wá fojú ara rẹ̀ rí ológbò náà ní aago mẹ́fà ààbọ̀ láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó wá lónìí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò kí wa, ó wo inú àgò bí ẹni ń wo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, bóyá ó ti là.

"Ó mu omi?"

"Ó mu ún."

"Èmi ò rí i."

Mo ṣílẹ̀kùn àgò díẹ̀, mo sún àwo sí i. Ológbò mu omi. Jórinjórin lọ.

Ọdún mẹ́ta la ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ajá rẹ̀ ń lé ológbò mi gun orí ògiri, ológbò mi ń sùn sórí ọkọ̀ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Sọ́jà lorúkọ ajá náà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí mo kọ̀wé sí onílé nípa bó ṣe ń gbó, ó ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ṣé-ẹ-gbọ́. Láti ìgbà náà, tó bá ń pè é, fèrèsé mi ló ń kọjú sí.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ọjọ́ kejì. Ó jẹun, ó mu omi, ìrìn rẹ̀ dáa. Òjò: mílímítà méjìlélógún.

Ẹtì, 7

Màmá gun àtẹ̀gùn wá fúnra rẹ̀, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé òkè. Ó ní kí n gbé àga síwájú àgò.

"Ìwọ lo fẹ́ rán mi lọ ṣáájú àsìkò?" ó bi ológbò. Ológbò ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ wò ó, kò tilẹ̀ tijú." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ mi, kí lo ń fún un jẹ? Ó sanra ju ti ọjọ́ yẹn lọ."

Mo ní ẹja ni.

"Ẹja! Ọmọ tí mo bí ò ra ẹja fún mi láti ọjọ́ Àìkú. Á dáa kí èmi náà máa gé èèyàn jẹ."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Owó ẹja tí à ń wí yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì iye tí mo rà á lóṣù tó kọjá. Ìyàwó mi ní kí n má jẹ́ kí jórinjórin gbọ́ iye rẹ̀.

Ọgbẹ́ Màmá gbẹ, kò wú.

Àìkú, 9

Ọjọ́ karùn-ún. Onílé fi ìwé ránṣẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu géètì: gbogbo ajá àti ológbò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilé òun kí oṣù tó parí, ẹni tí kò bá lè fi wọ́n sílẹ̀, kó bá wọn lọ.

Jórinjórin kà á sókè nínú àgbàlá, ó wá jókòó ti ajá rẹ̀. "Ṣé-ẹ-gbọ́, ìwọ tí o kò gé ẹnikẹ́ni jẹ rí, wọ́n ti lé ọ nílé. Má bínú. Àwọn ará òkè ń sin ẹkùn, ìwọ lo ń jẹ̀bi."

Ìyàwó mi fẹ́ fèsì láti ojú fèrèsé. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀bẹ̀ lo mọ̀. Ọkùnrin tó lè mọ iye òjò tó rọ̀ lóru, kò mọ ìgbà tó yẹ kó sán ààrá."

Télọ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ni kò dá sí i. Ó ń rán aṣọ rẹ̀ lọ. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni.

Ajé, 10

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni jórinjórin dé, ó wọ́ ajá rẹ̀ wá pẹ̀lú ṣéènì. Ìlà èékánná mẹ́ta wà lórí imú ajá náà, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kò tíì gbẹ tán.

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ tì í mọ́lé. Ta ló wá ṣe èyí?"

Mo fi àgò hàn án. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi láti Ọjọ́rú. Ó gbọn ilẹ̀kùn àgò náà fúnra rẹ̀; iṣẹ́ irin niṣẹ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé kò ṣeé ṣí láti inú. Ó fa ajá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ológbò kan ha ajá. Kì í ṣe tèmi. Ológbò mìíràn wà nínú àgbàlá yìí nìyẹn.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sẹ́yìn táǹkì. Mo tẹ̀ ba, mo tan iná fóònù sábẹ́ rẹ̀. Ìdérí ike kan wà níbẹ̀ tí mílíìkì ti gbẹ mọ́ ọn, pẹ̀lú àjákù aṣọ aláwọ̀ ewéko tí wọ́n ká bíi bẹ́ẹ̀dì. Àjákù irú aṣọ náà wà nílẹ̀ yàrá télọ̀, mo ti rí i láti ojú fèrèsé.

Mo lọ bá a. Ó rí àjákù náà lọ́wọ́ mi, ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún onílé."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ onílé? Ológbò wo lo ń bọ́ níbẹ̀?"

Ó ní ológbò dúdú kan ni, ẹnikẹ́ni kò ni ín. Oṣù márùn-ún ló ti ń wá. Mo bi í bóyá ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó tẹ́ aṣọ tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún un tẹ́.

"Mo gbọ́ tí Màmá kígbe. Ológbò náà gba ojú fèrèsé mi kọjá. Òun ni, Bàbá. Kì í ṣe tiyín."

"Ọjọ́ kẹfà rèé!"

"Mo rò pé kò séwu ni. Tiyín wà lálàáfíà, gbogbo èèyàn ń rí i pé ó wà lálàáfíà. Mo ní tó bá pé ọjọ́ mẹ́wàá, ọkàn gbogbo yín á balẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí."

Mo bi í pé níbo ni ológbò náà wà.

"Kò wá mọ́ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ yẹn kò mu mílíìkì. Itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ó ń gé ẹsẹ̀ àga jẹ."

Mo gòkè, mo ṣí ìwé yìí sí ọjọ́ kẹrin oṣù. "Ológbò mi gé ìyá jórinjórin jẹ." Èmi ni mo kọ ọ́. N kò rí i. Ilé ìdáná ni mo wà. Màmá ní ológbò dúdú ni, mo ní ológbò dúdú, mo kọ ọ́ bí ohun tí mo fojú rí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka òjò ní ọ́fíìsì ojú ọjọ́. Mo ti mú akọ̀wé kékeré kan tún ìwé oṣù odindi kọ, torí pé ó kọ òjò tó gbọ́ lórí páànù láì lọ wo inú ìwọ̀n òjò. Mo fa ìlà kan ṣoṣo lórí gbólóhùn náà kó ṣì ṣeé kà, mo kọ òótọ́ sókè rẹ̀, mo fọwọ́ sí i.

Mo pe jórinjórin níbi iṣẹ́. Ó dé láàárín ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀rún irin ṣì wà nínú irun rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àfi pé télọ̀ ti mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ọjọ́ mẹ́fà," ló wí.

Lẹ́yìn náà: "Ká ní mo pa tiyín lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Mo ní à bá ti gbé e lọ fún àyẹ̀wò, wọn ì bá ní kò ní àrùn kankan, gbogbo wa ì bá sì máa sùn fọnfọn.

Ìṣẹ́gun, 11

Àjẹsára kò tíì dé. Nọ́ọ̀sì pe ibi mẹ́ta lórí fóònù níṣojú wa. Ọsibítù ńlá kan, ìrìn wákàtí mẹ́rin, ló ṣì ní díẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi tiwa pamọ́, ó sì ní ká má dúró jẹun lọ́nà.

Jórinjórin já gbogbo irinṣẹ́ kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó tẹ́ fóòmù sẹ́yìn fún ìyá rẹ̀. Màmá kò fẹ́ wọlé.

"Èmi kọ́ ni mo ń lọ gbabẹ́rẹ́ nínú ikùn."

"Apá ni wọ́n ń gún un sí báyìí, Màmá," ni mo wí.

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ológbò kékeré bẹ́ẹ̀ kó mi sí irú wàhálà yìí." Ó sì wọlé.

Ti apá kò dùn ún. Òmíràn wà tí wọ́n gún yí ojú ọgbẹ́ ká gan-an. Jórinjórin di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yíjú sí ògiri. Dókítà ibẹ̀ kò bá wa fọ̀rọ̀ ṣeré. Ó ní ọjọ́ méje ti lọ. Àjẹsára ṣì lè bá àrùn náà jà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n tó bá ti dé ọpọlọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Mo bi í bí a ṣe máa mọ̀. Ó ní ká wá ológbò náà, òkú tàbí ààyè.

Mo ti ṣí àgò sílẹ̀ fún ológbò mi. Kò jáde.

Ọjọ́bọ̀, 13

Jórinjórin rí ológbò náà. Inú gọ́tà lẹ́yìn ògiri, òkú, ẹsẹ̀ rẹ̀ gan. Ó kúrú ju tèmi lọ, ó gbẹ, etí kan ti ya. Lójú mi báyìí kò jọ tèmi rárá.

Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Dókítà ẹranko dé ní ọ̀sán pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti kúlà tó kún fún omi dídì. Ó ní orí rẹ̀ nìkan ni ilé àyẹ̀wò nílò. Ó gé e lẹ́yìn ògiri, a kò wò ó. Èsì yóò tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó wá béèrè ajá tí ológbò náà ha nímú. Jórinjórin ní ajá òun le koko. Dókítà béèrè ìwé àjẹsára rẹ̀. Kò ní. Dókítà ní bí ológbò bá ní dìgbòlugi, ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n pa ajá náà, tàbí kí wọ́n tì í mọ́ fún oṣù mẹ́fà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Bí dókítà ṣe lọ, jórinjórin kó irin jáde. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni mo ń gbọ́ ìró irin. Àgò tó jó jọ yìí lè gba màlúù.

Ẹtì, 14

Abẹ́rẹ́ kejì. Màmá sùn lọ àti bọ̀.

Jórinjórin kanlẹ̀kùn wa ní aago mẹ́fà ààbọ̀. N kò mọ ohun tó tún ń wá. Ó na ìwé àjákọ tuntun kan sí mi.

"Ẹ bá mi kọ ti Ṣé-ẹ-gbọ́ náà. Omi, oúnjẹ, ìrìn." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bẹ́ ẹ ṣe kọ tiyín."

Mo sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé e. Ajá náà gbó mi.

Ìṣẹ́gun, 18

Abẹ́rẹ́ kẹta. Nígbà tí a ń bọ̀, Màmá ní ọwọ́ ọ̀tún òun ń ṣe òun yìnrìnyìnrìn, láti àtàǹpàkò dé ìgbúnwọ́. Ọkọ̀ yà díẹ̀ lójú ọ̀nà kí jórinjórin tó tún un tọ́.

Nọ́ọ̀sì ní ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ní ó lè jẹ́ ọgbẹ́ tó ń san. Kò sọ ẹ̀kẹta, èmi náà kò béèrè.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ẹni tí dìgbòlugi bá mú kì í lè gbé omi mì. Gbogbo ilé ló ti gbọ́ èyí, n kò mọ ẹni tó sọ ọ́. Ìyàwó mi gbé omi tútù lọ fún Màmá láàárọ̀. Lọ́sàn-án télọ̀ rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọsàn tí wọ́n ti fún sínú ife. Jórinjórin ń wá sílé lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, omi ló ń gbé lọ́wọ́ wọlé. Èmi gan-an gbé tíì lọ ní aago mẹ́rin, mo dúró títí ó fi mu ún tán.

Ó gbé ife sílẹ̀. "Ṣé ẹ̀ ń bomi rin mí ni? Ẹni tó bá wọlé, omi. Tí mo bá ti gbé e mì, ẹ ó mí kanlẹ̀, ẹ ó sì máa lọ. Ẹ̀ ń retí kí n fọ́n ọn jáde ni àbí?"

Mo ní rárá o, Màmá.

"O ò mọ irọ́ pa, ọmọ mi. Mú búrẹ́dì wá lọ́la, kí n lè fi gbé omi yín mì."

Yìnrìnyìnrìn náà kò tíì lọ.

Àbámẹ́ta, 22

Télọ̀ kúnlẹ̀ níwájú Màmá, ó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Jórinjórin kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ti rí i lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Mo ti fi èyí pamọ́ fún un, n kò sì mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa. Jórinjórin dìde. Àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣubú.

"O mọ̀? O ń rán aṣọ lọ, o sì mọ̀?"

"Jókòó," ni Màmá wí.

"Màmá, ọjọ́ mẹ́fà ni obìnrin yìí fi…"

"Mo ní kí o jókòó. Èmi ló gé jẹ, kì í ṣe ìwọ." Ó yíjú sí télọ̀. "Ìwọ lo ń bọ́ ọ, èmi ló wá jẹ. Dìde ńlẹ̀. Tí mo bá kú, inú mi ò ní dùn sí ọ. Tí n kò bá kú, ìwọ lo máa rán aṣọ mi títí tí màá fi kú."

Télọ̀ ń sunkún, kò mọ̀ bóyá ó yẹ kóun rẹ́rìn-ín. Jórinjórin jáde lọ sídìí àgò ajá, ó jókòó síbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 25

Abẹ́rẹ́ kẹrin, ìkẹyìn. Ara Màmá gbóná díẹ̀ lálẹ́ àná, ó ti lọ sílẹ̀. Ajá jẹun, ó mu omi, ìrìn rẹ̀ dáa. Onílé gbà kí àwọn ẹranko dúró títí èsì fi máa dé. Mo pe ilé àyẹ̀wò: iná ti lọ láti ọjọ́ Àìkú, ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 27

Òjò: mílímítà mẹ́rìnlá, láti aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán.

Ilé àyẹ̀wò pè ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Èsì ti jáde, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ lórí fóònù. Dókítà ẹranko ló gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí i. Ó lọ. Ó ní òun máa pe jórinjórin kó tó di aago mẹ́rin.

Jórinjórin kò lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì nínú àgbàlá, òun àti télọ̀ jókòó ní ìkángun méjèèjì, wọn kò sọ̀rọ̀ síra wọn, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì kan náà ni. Màmá wà lórí àga rẹ̀. Mo bi í nípa ọwọ́.

"Ó wà bó ṣe wà. Kò pọ̀ sí i."

"Ó dín kù?"

"Mo ní ó wà bó ṣe wà. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, fóònù dún. Dókítà ni. Jórinjórin tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní òun ti mú ìwé èsì náà dání, òun wà lójú títì, kí a dúró kí òun rí ibi tí òun máa gbé ọkọ̀ sí. Jórinjórin ní kó kàn sọ ọ́. Ìlà já.

A ti pè é padà lẹ́ẹ̀mẹfà. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ní fóònù rẹ̀ ti kú.